Ọjọ́ Tí Làmídì Fi Fèrè Dá Alága Lẹ́nu Dúró

Mo ti darúgbó, síbẹ̀ n kò gbàgbé ọjọ́ Sátidé kan láyé ìjọba ológun. Àwa kan ní Àgídìngbì dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, à ń ṣe rúḿbà àti àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ Kúbà. Èmi tí mo jáde yunifásítì ń lu kóńgà. Làmídì, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ, ń fọn fèrè. Ètò ọrọ̀ ajé SAP tí ìjọba gbé dé ti iléeṣẹ́ wọn pa, ó sì fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. A gba gbọ̀ngàn kan n'Íkẹjà láti fi eré dágbére fún un. Aago mẹ́fà ni wọ́n máa tilẹ̀kùn.

Olóòtú ètò kọ́kọ́ ń pe àwọn èèyàn pàtàkì síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìtàn ìgbésí ayé wọn. Alága ọjọ́ náà wá dìde, ó ní ọ̀rọ̀ òun ò ní pẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n bí i. Ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ti ń to àga jọ.

Omi lé ròrò lójú Làmídì. "Bọ̀dá, ṣé bí mo ṣe máa lọ nìyí?"

Kí n tó dáhùn, ó ti gbé fèrè sẹ́nu. Mo gbá kóńgà tẹ̀ lé e.

"Ta ló ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀?" Alága pariwo.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń jó bọ̀ níwájú. "Dádì, ẹ jókòó jàre! Ẹ ti sọ ọ́ tó!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, wọ́n ń jó. Làmídì fọn fèrè bí ẹni tó fẹ́ ṣí òrùlé.

Bí orin yẹn ṣe parí, aago mẹ́fà lù, àwọn tó ni gbọ̀ngàn lé wa jáde. N kò rí Làmídì mọ́ láyé. Orin kan ṣoṣo la fi sin ín lọ sílé. Inú ṣì ń bí mi.