Ọjọ́ Tí Aago Bàbá Mi Kú

Bàbá mi ní aago àpò kan tó dàgbà jù mí lọ. Òyìnbó kan tó wá wọn ilẹ̀ Ìbàràpá ló fún un nígbà tó ń bá wọn ru ẹrù. Ó tóbi bí ọsàn tí èèyàn jókòó lé, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì gùn débi pé a lè fi so ewúrẹ́. Bàbá kò mọ nọ́ńbà ojú rẹ̀ kà, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá nà sí ló ń wò. Bí wọ́n bá bi í pé aago mélòó lu, á ní, "Ó kù díẹ̀." Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í pé ó kù díẹ̀ kí kí ni ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ tó bá ti yó: "Ọjọ́ tí aago yìí bá kú, èmi náà bá a lọ nìyẹn." A máa ń rẹ́rìn-ín. À bá má rẹ́rìn-ín.

Ọyẹ́ ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Mo lọ kí Bàbá láàárọ̀, mo bá a lórí ẹní, ó nà gbalaja, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Aago ti kú."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá. Ó ní ẹni tó ń lọ sọ́run kì í di oúnjẹ dání. Àwàdà ni mo pè é. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ yẹn ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, ojú Bàbá sì ti jìn wọnú. Ẹ̀rù wá bà mí. Bí arúgbó bá ní òun ò jẹun mọ́ torí pé òun fẹ́ kú, kì í pẹ́ tí í fi í jàre.

Èmi tí mò ń ta abọ́ tánganran, tí ẹni tó wá ra ìkòkò kan lọ́wọ́ mi kì í lọ láì ra mẹ́ta, mo bẹ bàbá mi títí, kò bu ẹ̀kọ kan jẹ. Mo mú aago, ó di gáréèjì Ìgbó-Ọrà. Atúnaagoṣe kan wà ní Erúwà tí gbogbo ayé ń yìn. Kí n tó wọkọ̀, mo rí dẹ́rẹ́bà kan tó ń lọ sí Ìdèrè, níbi tí àbúrò Bàbá lóbìnrin ń gbé. Òun nìkan ló lè bá Bàbá sọ̀rọ̀ kó gbọ́. Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé aago Bàbá kú o, kí wọ́n tètè máa bọ̀."

"Mo ti gbọ́," ni dẹ́rẹ́bà wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìdèrè ìgbà yẹn, kòtò lèèyàn ń rí, kò rí ọ̀nà. Níbi kan ṣá, bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n, "aago" já bọ́ lára ọ̀rọ̀ mi. Ìyókù ló fi jẹ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni atúnaagoṣe náà, awò kékeré há a ní ojú kan.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó kú ni."

"Ta ló rí òkú ẹ̀?" Ó yí orí aago náà wò. "Wọ́n lọ́ ọ kún. Wáyà inú rẹ̀ ò já." Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e létí. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ló bá gbé e sí imú. Mi ò rí ẹni tó ń gbóòórùn aago rí. Ó gbé e sórí páànù nínú oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí oòrùn mú dáadáa, aago dún kẹ́. Ó sinmi. Ó tún dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni tó ń rántí ọ̀rọ̀.

"Kò kú," ó ní. "Òtútù ló mú un. Ìyá, ta ló fi òrí pa aago yìí lára tó fi dì?"

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Bàbá ń ráhùn pé orí aago náà ń le tí òun bá ń lọ́ ọ. Ohun tó bá le lásìkò ọyẹ́, kí là ń fi sí i? Imú ọmọ, gìgísẹ̀ àgbà, àgádágodo, òrí náà ni. Bàbá lọ kírun, mo fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn aago, mo fi ìka bu òrí, mo fi pa gbogbo kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Mo tún fún un ní èènì.

"Ó lè jẹ́ àwọn ọmọ," ni mo wí.

"Àwọn ọmọ yín mọ ìtọ́jú o." Ó fi pẹtiróòlù fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹkún ni mo bá nílé. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ará Ìdèrè kò tilẹ̀ dúró bèèrè bóyá òkú wà nílẹ̀. Àlùfáà ti dé. Ọkùnrin méjì gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì dúró, wọ́n ń bèèrè ibi tí wọn ó gbẹ́. Nínú yàrá, Bàbá ń tù wọ́n nínú: "Ẹ jókòó. Kò ní pẹ́." Ó ti na aṣọ funfun tí àbúrò rẹ̀ rà wá síra. "Ẹsẹ̀ mi á yọ síta."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òkú ló ń yan aṣọ ni? Ẹ dìde, kí ẹ jẹun."

"Ẹ ti ra aṣọ tán, ẹ tún ní kí n jẹun."

Mo sáré gbé aago sí i létí. "Bàbá, ó ti jí!"

Ó tẹ́tí, ó mi orí. "Ó kú ní Ìgbó-Ọrà, ó wá ń ṣiṣẹ́ ní Erúwà. Kí là ń pe irú ẹ̀?"

"Àkúdàáyà ni, Bàbá," ni ọkùnrin tó gbé ọkọ́ dáhùn.

Gbogbo yàrá sún sẹ́yìn. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Bàbá yíjú sí ògiri, mo sì rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ bí okùn. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, kò fìgbà kan kú. Èmi ni mo fi òrí sí i."

"Òrí wo?"

"Òrí ìpara."

"Nínú aago!" Àbúrò Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ṣé o tún pọ̀n ọ́n?"

"Ẹ ò bá fi àgbo wẹ̀ ẹ́," ni ọlọ́kọ́ wí.

Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí ojú fi tì mí. Bàbá wá dìde jókòó. Ó gba aago, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sí imú.

"Òtútù ló mú un?"

"Òtútù ni, Bàbá."

Ó pa ẹ̀yìn aago dé. "O jẹ́ kí n fi ọjọ́ méjì kú lásán." Ó ní kí n gbé ẹ̀kọ wá. Ó jẹ mẹ́rin, ó bèèrè àkàrà. Àwọn tó wá sin ín ti jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ ká aṣọ funfun náà padà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní òtútù ń mú òun náà. Ó fi bora títí ọyẹ́ fi lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ síta lóòótọ́. Láti ọdún yẹn, bó bá ti rí mi pẹ̀lú igbá òrí, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀ kó tó dá mi lóhùn.