Ìyá Òkè Kò Sí Nínú Fíìmù

Èéfín ẹja ni mo fi ń rántí ìwé náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọlidé, ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo jí nílé Ìyá Àgbà ní Eleko, ojú ń ta mí, imú mi ń ṣomi. Ẹja ti wà lórí ààrò lẹ́yìnkùlé, òkun sì ń hó níwájú ilé bí ẹni tí inú ń bí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àpótí, ó ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn kó tó sọ pé, "Bàbá rẹ ní o gbé ìwé kan wá. Mú un wá kí n gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀." Ìjẹ̀bú ni Ìyá Àgbà ń sọ o, èmi ni mo yí i sí èyí tí gbogbo wa gbọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kékeré ní agbègbè Ajah á rántí ìgbà yẹn. Ọ̀nà ẹ̀spírẹ̀sì ti dé, ṣùgbọ́n irà àti igi àgbọn ṣì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ri géètì mọ́ lónìí, alákàn la máa ń lé kiri níbẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ajah, èdè mi sì ń kọ ọ́ lóminú. "Yorùbá rẹ ti di àdàlú," ló máa ń wí, "ẹ̀wà kọ́, àgbàdo kọ́." Ìdí nìyẹn tó fi fún mi ní ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kà nígbà tó wà lọ́mọdé, kí n máa kà á nílé ìyá rẹ̀.

Ìtàn ìrìn àjò ni. Ọba kan kò lè sùn mọ́, torí pé iwin kan tó ń jẹ́ Gbòǹgbò-ń-rìn ti jí oorun rẹ̀ gbé lọ sẹ́yìn òkè méje. Akinlàbí alágbẹ̀dẹ ni wọ́n rán láti lọ gbà á padà, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń sá fún ọ̀pọ̀lọ́. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òkè tẹ̀ lé e torí pé òun ló mọ ọ̀nà.

Ìyá Òkè yìí ni Ìyá Àgbà fẹ́ràn. Bí mo bá ti ka ibi tó ti bá Akinlàbí wí, á gbé ọwọ́ kúrò lára ẹja, á ní, "O gbọ́? Ohun tí mo máa ń sọ fún bàbá rẹ nìyẹn." Bàbá Sùlè, apẹja tó múlé gbè wá, máa ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Lójoojúmọ́ ló ń fa àwọ̀n náà sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀, tí á ní oòrùn ló ń lé òun. Oòrùn kan náà ló sì wà níbi tó ń bọ̀.

A rìn títí, a dé òkè keje. Akinlàbí dúró lẹ́nu ihò Gbòǹgbò-ń-rìn, òòlù lọ́wọ́, òógùn lójú. Mo ṣí ojú ìwé, ẹ̀yìn ìwé ni mo bá. Ikán ti jẹ ìyókù.

"Kà á lọ," Ìyá Àgbà wí.

Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo Bàbá Sùlè, ẹni tí abẹ́rẹ́ àwọ̀n ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ni mo bá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ìwé tí kò ní nǹkan kan, mo sì ń kà á lọ. Mo ní òòlù bọ́ lọ́wọ́ Akinlàbí, ó fẹsẹ̀ fẹ. Mo ní Ìyá Òkè wọ inú ihò lọ lóun nìkan, ó bi Gbòǹgbò-ń-rìn bóyá ó ti jẹun, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì ń tù ú bí ọmọ títí ó fi sùn. Oorun Ọba wà lábẹ́ apá iwin náà nínú adó kékeré. Ìyá Òkè mú un, ó rọra jáde.

Ìyá Àgbà yí ẹja kan padà. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ẹni tó kọ ìwé yìí mọ ìyá." Ṣé kí n wá sọ fún un pé èmi ni?

Nígbà tó fi máa di ọlidé ọdún kejì, ìtàn náà ti ká Eleko. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sọ ìwé náà di fíìmù, a sì gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà létí òkun, níbi tí àwọn àlejò òpin ọ̀sẹ̀ máa ń dé sí, yóò fi í han gbogbo ìlú lọ́sàn-án Sátidé. Àṣírí mi fẹ́ tú. Kí n tó kúrò ní Ajah, mo bi bàbá mi, ẹni tó ti ka ìwé náà parí rí, báwo ló ṣe parí.

"Akinlàbí fi òòlù pa iwin náà."

"Ìyá Òkè ńkọ́?"

"Wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́nu ihò kó máa ṣọ́ ẹrù."

Kó máa ṣọ́ ẹrù! Nígbà tí mo dé Eleko, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé fíìmù máa ń ba ojú àgbàlagbà jẹ́. Ó ní ojú òun ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun àti Bàbá Sùlè sì ti ta tẹ́tẹ́ kan: bí Ìyá Òkè kò bá gba oorun náà nínú fíìmù, Ìyá Àgbà yóò bá a tún àwọ̀n ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá gbà á, Bàbá Sùlè ni yóò máa la igi ìdáná tí Ìyá Àgbà fi ń yan ẹja.

Ọ̀sán Sátidé pé, a kún inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà, Ìyá Àgbà wà níwájú. Akinlàbí jáde: ọkùnrin gíga, oníkùn ńlá. Òkè méje inú ìwé ti di òkè kan ṣoṣo tí wọ́n yà láti apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ewúrẹ́ kan náà ló ń jẹko lórí gbogbo wọn. Lọ́rì kan kọjá lẹ́yìn ìlú àtijọ́ tí Ọba wà. Gbòǹgbò-ń-rìn tí mo ti rò pé ó ga ju òpó iná lọ, tìmùtìmù ló wé mọ́ra, aago sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Òkè kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ọmọge kan tó kun ètè pupa ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ké pe Akinlàbí lọ.

Ìyá Àgbà dìde. "Ìyá Òkè dà?"

Ọkùnrin tó ń bójú tó fídíò náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí fíìmù ṣe rí nìyẹn."

"A jẹ́ pé ẹ sọ ọ́ nù. Ó wà nínú ìwé, ọmọ mi kà á sí mi létí." Ó kọjú sí mi. "Lọ mú ìwé náà wá, kí o kà á fún wọn."

Mo lọ mú un wá, mo sì ṣí i. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò mí. Bàbá Sùlè kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí i pé òwú ìwé nìkan ló kù níbi tí ojú ìwé yẹ kó wà. "Ikán ti jẹ ẹ́. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un," mo wí, mo sì bú sẹ́kún.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ́wọ́, a lọ sílé.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó lọ jókòó ti àwọ̀n Bàbá Sùlè, mo sì jókòó tì í. Okùn ń gé mi níka. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò bá mi sọ ju "fa ibẹ̀ yẹn" lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ìtìjú tó bá mi níwájú àlejò, ìwọ lo fà á."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Bí ojú ìwé bá tán nígbà míì, sọ fún mi pé ó ti tán, pé èyí tó kù, tìẹ ni. Màá gbọ́ ọ náà."

A tún ṣiṣẹ́ díẹ̀. Bàbá Sùlè wúkọ́. "Ìyá Tísà, ẹ má bínú o. Ọmọ yìí, nígbà tí iwin yẹn jí tó rí i pé oorun Ọba ti lọ, kí ló wá ṣe?"

Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ń so àwọ̀n, kò gbójú sókè. "Dá a lóhùn," ló wí.

Mo kọ́kọ́ sọ pé tèmi ni. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Lónìí, agbẹjọ́rò ni mí, ọ́fíìsì mi wà ní Lẹ́kkí Phase 1. Mo ti ra ìwé náà lódindi, mo sì kà á parí. Kí n má parọ́, òpin tí òǹkọ̀wé fún un gún régé ju tèmi lọ, tìmùtìmù inú fíìmù yẹn sì ń pa mí lẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ mi ni kí n má fi ọ̀rọ̀ kan kún ohun tó wà nínú ìwé òfin. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan bi mí pé kí ni èmi fúnra mi rò, mo ní kó jẹ́ kí n padà lọ wo fáìlì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò ní wo fáìlì kankan. Òpùrọ́ ni, mo sì ti di olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà pé àgbàlagbà obìnrin kan lè dá wọ ihò dúdú kó sì borí, n kò tíì ní ìgboyà láti rò bẹ́ẹ̀ nípa ara mi. Bí èmi àti ọmọ náà bá pàdé lójú ọ̀nà, èmi ni mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé òun ló yẹ kó kúnlẹ̀ kí mi.