Ìborùn Pupa Tí A Hun fún Kúnlé

Ẹ bá mi gbọ́ èyí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀, inú ni mo kàn ń gbé e sí káàkiri. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí lójúkojú mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Orí fóònù yìí nìkan ni mo ti ní ẹnu. Ìwé mi náà kò pọ̀, kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ bá mi fọwọ́ bò ó.

Iṣẹ́ aṣọ òkè ni mò ń kọ́ ní Ìsẹ́yìn. Bàbá Ráfíù ni ọ̀gá mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi jókòó sídìí òfì wọn, ó sì ku oṣù kan péré kí n ṣe fìríìdọ̀mù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni Kúnlé wọ ilé òfì wa. Ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ó wá kí ìyá bàbá rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ láìtijú. Mo jowú rẹ̀ díẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sínú Yorùbá, ṣé mo ń sọ tó bẹ́ẹ̀?

Ó fa ìborùn kan yọ nínú báàgì, irú èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń gbé kọ́rùn. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn ni. Ó ní kí a hun márùn-ún tó jọ ọ́. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, mẹ́rin jẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń dúró lẹ́yìn ilé góòlù nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òun ń padà, ó ní ó di dandan kí ó bá òun lọ.

Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Aṣọ tó ń jáde lórí òfì wa kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, a máa ń rán an pọ̀ ni kó tó di ìró tàbí agbádá. Bí ẹni pé ìborùn bọ́ọ̀lù gan-an ni àwọn baba wa ní lọ́kàn.

Gàníyù, tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, bèèrè ẹgbẹ́ tó ni àwọ̀ yẹn. Kúnlé dárúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Gàníyù bèèrè bóyá England ni àbí Spain. Kúnlé ní rárá o, Amẹ́ríkà ni, ìlú òun.

Gàníyù gbé ọkọ̀ òwú tó fi ń hun aṣọ sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ dúró ní Ìsẹ́yìn, ẹ ṣáà mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù.

"Ṣé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni? Mo rò pé èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá ni."

Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé líìgì wọn. Ó débi pé ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn kì í já sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá mi dá a dúró.

"Ẹni tó bá gbẹ́yìn ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń lé e lọ?"

"Wọn kì í lé e, bàbá. Ọdún tó ń bọ̀, òun náà á tún bẹ̀rẹ̀."

"Pẹ̀lú ẹni tó gba ife?"

"Pẹ̀lú ẹni tó gba ife."

"Áà," ni Bàbá Ráfíù wí. "Ká ní bẹ́ẹ̀ ni iléèwé rí nígbà tèmi, ǹ bá ti di dókítà."

Gàníyù ní òun ti rántí líìgì náà báyìí, ibẹ̀ ni àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tí orúnkún ń dùn ti ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ gbọ́, mo rò pé inú á bí Kúnlé. Ó ní òótọ́ ni, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wọn tí kò lè sáré mọ́, tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń fi ìka júwe ibi tí àwọn yòókù máa sáré lọ.

Kò sí èébú tí wọ́n bú u tí kò fi tirẹ̀ kún un. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn ńkọ́? Ó ní ní gbogbo ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń sọ fún àwọn pé àsìkò ti tó. Bí ọmọ ogún ọdún kan bá ti gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lẹ́ẹ̀mejì ní Yúróòpù, wọ́n á ní olùgbàlà dé, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ sára bọ́ọ̀sì. Títí wọn yóò fi pàdé orílẹ̀-èdè kékeré kan tí yóò lé wọn padà sílé. Ó ní àwọn obìnrin wọn ló ń gba ife, ìpolówó ọjà ni àwọn ọkùnrin ń gbà.

Mo rẹ́rìn-ín sínú òwú. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Gàníyù ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé. Kúnlé ní ti ọdún yìí yàtọ̀, ilé àwọn ni Ife Àgbáyé ti máa wáyé, onílé kì í tọrọ àyè lórí ẹní rẹ̀. Ó wá rọra bèèrè pé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tiwa ńkọ́, ṣé a ń bọ̀?

Gàníyù, tó mọ̀ pé a kò yege láti lọ, mú ọkọ̀ òwú rẹ̀, ó ń hun aṣọ.

Kúnlé tún bèèrè ẹgbẹ́ tí kálukú ń tì lẹ́yìn. Ti Gàníyù, àwọn aláwọ̀ búlúù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti ọ̀gá mi, àwọn pupa àti funfun, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, láti ìgbà tí n kò tíì dáyé. Ọ̀gá mi mọ orúkọ àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kúnlé ní rárá, ti ilé ni òun ń bèèrè. Ti Ìsẹ́yìn.



"Àwọn ọmọ orí pápá iléèwé yẹn?" ni ọ̀gá mi wí. "Ìyẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Wọ́n kàn ń na ẹsẹ̀ ni."

Ṣé kí n sọ ẹni tó ń ṣọ́lé fún àwọn tó ń na ẹsẹ̀ náà fún yín? Ráfíù ni. Ráfíù kan náà tí gbogbo ìlú fi ń pe bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣọ́lé fún Ìsẹ́yìn, Bàbá Ráfíù kò tíì fẹsẹ̀ kan tẹ pápá yẹn rí.

Láàárọ̀ Sátidé mo ta òwú náà sórí òfì gẹ́gẹ́ bí Kúnlé ṣe fẹ́ ẹ, ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Kúnlé bá àwọn ọkùnrin lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ pupa gbá góòlù kan wọlé, Kúnlé sì fò sókè, ó dì mọ́ ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi ní kí n ká òwú yẹn kúrò, kí n ta pupa àti funfun.



Wọ́n ní ọmọ yìí ń tijú ni. Wọ́n ní ta ló máa wá láti Amẹ́ríkà dé Ìsẹ́yìn, tó fẹ́ fi aṣọ òkè ṣe fáàrí, tó máa wá fi àwọ̀ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ kọ́rùn? Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ pupa ni, wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Tó bá rí i, inú rẹ̀ á dùn. Gàníyù fọwọ́ sí i, ó ní ọgbọ́n àgbà nìyẹn.

Ìborùn tí Kúnlé mú wá fún àpẹẹrẹ ṣì wà lórí ìṣó níwájú wa. Ó ń wò wá. Oṣù kan ló kù, ta ni èmi tí n ó máa kọ́ ọ̀gá níṣẹ́? Mo ká òwú ewé àti ọsàn, mi ò gé e. Mo wé e, mo fi í sẹ́yìn òfì mi. Mo ta pupa.

Lọ́jọ́rú, àwọn ará Ògbóòró wá bá Ìsẹ́yìn gbá bọ́ọ̀lù. Kúnlé fẹ́ lọ wò ó, ọ̀gá mi sì ní kí n mú un dé pápá. Àwa tí a wà níbẹ̀ kò lè kún bọ́ọ̀sì kan. Àwọn màlúù gba igun pápá kọjá, wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró títí wọ́n fi lọ tán. Kúnlé bọ́ sẹ́yìn ilé góòlù, ó ń pariwo orúkọ Ráfíù bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni.

Ohun kan wà tí mo rí lọ́jọ́ náà. Tí Ráfíù bá ti gbá bọ́ọ̀lù mú, ojú ọ̀nà ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó jù ú. Ojú ọ̀nà tó ti ilé wa wá.

Nígbà tí à ń padà, mo fi tipátipá bi Kúnlé léèrè ìdí tó fi fò sókè fún ẹgbẹ́ pupa. Ó ní ọmọ Amẹ́ríkà kan ló gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Ibikíbi tí àwọn ọmọ wọn bá wà ni òun ń tẹ̀ lé wọn dé, ẹgbẹ́ náà kò kan òun. Mo ní ti ìlú rẹ̀ tó ń fìdí rẹmi yẹn ńkọ́, kí ló ń rí níbẹ̀?

"Wọ́n mọ̀ mí," ló wí. "Aṣọ́lé wa mọ orúkọ mi, torí èmi ni mò ń bú u jù. Ẹgbẹ́ pupa yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé Bàbá Ráfíù wà láyé?"

Ó ti wá dá mi lójú báyìí. Mo mọ̀ pé a ti ṣì í. Mo padà sídìí òfì, mo sì ń bá pupa lọ. Ẹ bú mi, mo ti bú ara mi.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Kúnlé dé. Ọ̀gá mi fúnra wọn ló tẹ́ ìborùn márààrún sílẹ̀. Kúnlé fọwọ́ pa á. Ó ní ó dára púpọ̀. Ó wá bèèrè ẹni tó ni ín.

"Tìẹ ni," ni ọ̀gá mi wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, àwọn ọ̀tá wa ló ń wọ pupa àti funfun. Bí mo bá gbé èyí dé ẹ̀yìn ilé góòlù wa, màá fi eyín mi sílẹ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá mi. Wọ́n yíjú sí mi.

"Síkírá, ìwọ lo ta òwú. Àpẹẹrẹ wà lórí ìṣó. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ ewé yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, ṣé òun náà ni n ó ṣe fìríìdọ̀mù fún lóṣù tó ń bọ̀?"

Mo wo Gàníyù. Gàníyù ń ka páànù òrùlé.

N kò mọ ibi tí ohùn náà ti jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n yí i. Ẹ ní ti ilé kì í ṣe bọ́ọ̀lù."

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni. Ẹnu tó ti pẹ́ ní títì, tó bá ṣí, ṣé ó mọ ìgbà tó yẹ kó padé?

"Ráfíù máa ń wo ojú ọ̀nà, sà. Tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù mú, ó máa ń wò bóyá ẹ ń bọ̀."

Mo sá lọ sẹ́yìn òfì mi, mo gbé òwú ewé àti ọsàn tí mo wé jáde, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n bèèrè ẹni tó ní kí n tọ́jú rẹ̀. Mo ní kò sẹ́nì kankan.

Wọ́n ní, "Gbé e sórí òfì."

Èmi, Gàníyù àti ọ̀gá mi ń gba òfì kan lọ́wọ́ ara wa títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Mẹ́ta la rí hun. Ọ̀gá mi ló hun ìkẹta. Kúnlé kó wọn lọ, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun á bá ara wọn jà sí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣakí wá bá Ìsẹ́yìn gbá bọ́ọ̀lù. Ta ni mo rí? Bàbá Ráfíù, pẹ̀lú ìborùn pupa lọ́rùn, nítorí wọ́n ní aṣọ kì í ṣòfò. Wọ́n dúró lẹ́yìn ilé góòlù, wọ́n pariwo "Ráfíù!" títí ìdajì àkọ́kọ́ fi parí. Ráfíù kò wo ojú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá gbọ́. Wọ́n fọn fèrè, àwọn agbábọ́ọ̀lù pààrọ̀ ilé góòlù. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù lórí tẹlifíṣọ̀n kò kúrò níbi tó dúró sí. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà mọ́, ìdí òfì ti gbà á. Wọ́n ń pariwo lẹ́yìn aṣọ́lé Ṣakí pé "Ráfíù, ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ ó wọlé!" Ọmọ Ṣakí bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ráfíù gan-an wà lódìkejì, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè.

Èmi ni mo lọ fà wọ́n láṣọ, tí mo sì sọ fún wọn. Ó yá mi lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Fìríìdọ̀mù mi dúró sí ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní ìyà kan wà tí n ó jẹ, kì í ṣe nítorí pé mo sọ̀rọ̀, nítorí pé mo dákẹ́ láti Ajé dé Jímọ̀ ni. Wọ́n ní ọwọ́ mi ti mọṣẹ́, ẹnu mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà èmi fúnra mi ni n ó dìde bá gbogbo àlejò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oorun kò kùn mí dáadáa láti ìgbà náà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́, òun náà wà lára àwọn tó ṣe àṣìṣe. Èkejì, ẹ jẹ́ ká máa bẹ ilé wò ká tó máa bú Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ dákẹ́ tí kò yẹ kí ẹ dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Tí ẹ bá sì ń kọ ọ́, ẹ dárúkọ aṣọ́lé ìlú yín fún mi. Ti ìlú yín ni mo wí. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ẹ tó kọ ọ́.