Moríyọ̀ Kò Dúpẹ́

Bí ẹ bá rán aṣọ lọ́dọ̀ Moríyọ̀, tí apá aṣọ náà há, tí ẹ sì sọ fún un pé ó dára, inú rẹ̀ kò ní dùn sí yín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ránṣọ ní Ìlá, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló sì ń rán jù, nítorí náà ó mọ ẹnu àwọn ìyá ọmọ dáadáa. Ó máa ń sọ pé oríṣi oníbàárà méjì ló wà láyé. Ọ̀kan á ju aṣọ sórí tábìlì, á ní, "Àǹtí Moríyọ̀, kí lẹ rán yìí? Ṣé ọmọ tèmi lẹ wọ̀n àbí ọmọ ẹlòmíì?" Ìyẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èkejì á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ ṣeun mà, Olúwa á máa bù sí i, á sì gbé aṣọ tó há lọ sílé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn lẹ ó ti bá a.

"Èyí tó dúpẹ́ yẹn," ni Moríyọ̀ máa ń wí, "òun ló ba tèmi jẹ́."

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa obìnrin yìí. Ẹnu rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọ rẹ̀ ń fara dà á, àwọn aládùúgbò a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí Moríyọ̀ bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ yẹ ẹnubodè wò, yóò ní kò dúró déédéé. Síbẹ̀, ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun náà ṣe àṣìṣe tí gbogbo wa máa ń ṣe.

Lọ́dún náà, àwọn kan wá láti Òṣogbo sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò rẹ̀, níbi tó ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú ibẹ̀ tẹ́ aráàlú lọ́rùn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ bi ọmọ Yorùbá tí a kọ́ nílé pé báwo ni nǹkan, kí lẹ rò pé yóò sọ? Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ sórí ẹní pàápàá, tí ẹ bá kí i, á ní a dúpẹ́. Wọ́n bi àwọn aláìsàn nípa nọ́ọ̀sì, wọ́n ní a dúpẹ́. Wọ́n bi wọ́n nípa omi, kànga tó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́, wọ́n ní a dúpẹ́, Ọlọ́run ń ṣe é. Moríyọ̀ tó máa ń tú odidi ojú rírán nítorí ojú abẹ́rẹ́ kan tó fò, òun náà jókòó, ó kó ọwọ́ lé itan, ó sì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lójú tirẹ̀, àlejò ni wọ́n, ta ló ń ro ẹjọ́ fún àlejò?

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, sátífíkéètì dé. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn tí wọ́n béèrè nípa rẹ̀, tiwọn ló gba ipò kìíní. Bàbá Adémúyìwá ni alága ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò. Ọ̀gá iléèwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì kọ́ Moríyọ̀ ní ìwé kẹfà. Bàbá fi gíláàsì bo sátífíkéètì náà, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Ìjọ ṣe ìdúpẹ́, wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n gbọ́ pé agbẹ̀bí tí wọ́n ti ń retí, àti ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti lọ sí ìlú mìíràn. Ìdí rẹ̀ kò le. Àwọn ará ibẹ̀ ráhùn, àwa kò ráhùn. Ẹni tí nǹkan bá ti tẹ́ lọ́rùn, kí la tún fẹ́ fi kún un fún un?

Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù, Purity, ọmọ Ọ̀rà. Òun ló ń gba káàdì, òun ló ń gún abẹ́rẹ́, òun ló ń gbẹ̀bí, òun náà ló ń pọn omi. Tí aago méjì ọ̀sán bá lù, á ti ilẹ̀kùn, nítorí èèyàn kan kò lè wà lójúfò tọ̀sán tòru. Ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ti kú ní tirẹ̀. Ó wà lórí tábìlì, lábẹ́ sátífíkéètì gan-an.

Moríyọ̀ ì bá máa fara dà á bí kì í bá ṣe ti Fúnminíyì. Fúnminíyì ni ìyàwó Dọ̀tun, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó ní kí ìyàwó òun lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá òun. Oyún náà ti pé oṣù méje. Lọ́jọ́ Ajé kan, Moríyọ̀ rí i pé ẹsẹ̀ Fúnminíyì wú, bàtà kò gba ẹsẹ̀ mọ́, ó sì ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Purity fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà, ojú ìka jìn sínú, kò tètè padà. Ó wo ẹ̀rọ tó ti kú, ó wo Moríyọ̀.

"Mà, mi ò lè mọ iye tó jẹ́," ló wí. "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá báyìí. Ẹ má yà sílé."

Orí ọ̀kadà ni Fúnminíyì jókòó sí tòun ti oyún, Moríyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú, kòtò ojú ọ̀nà sì ń jù wọ́n sókè sódò. Wọ́n débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní ó dára tí wọ́n tètè wá, ó fún un lóògùn, ó ní títí yóò fi bímọ, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n níbi tó bá sún mọ́ ilé. Moríyọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ, ẹ̀rín náà kò sì dùn ún gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn dé pé àwọn ará Òṣogbo tún ń bọ̀ wá béèrè. Bàbá Adémúyìwá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni bàbá wí. "Ipò kìíní la wà. Èmi alára lẹ́jẹ̀ ríru, mi ò torí ẹ̀ pariwo. Tí wọ́n bá bi yín, kí ẹ dúpẹ́. Kí ẹ sì rántí Purity. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ibẹ̀ láìdáa, orí ta ni yóò já lé? Wọ́n á gbé ọmọ ọlọ́mọ kúrò, àwa ni yóò sì kù láìní ẹnì kankan."

Ọ̀rọ̀ Purity yìí ló wọ Moríyọ̀ lára. Ó délé, kò lè rán ohunkóhun. Ọmọ tó fi ìka lásán gba ẹ̀mí ìyàwó ọmọ òun là, ṣé ọmọ náà lòun ó fi ẹnu òun lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Ó wo Fúnminíyì tó nà sórí àga, tó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i pé ẹ̀rù ń ba òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ti dákẹ́ nígbà kan, ó sì ti rí ohun tí ìdákẹ́ bí. Kí ó tó sùn, ó ti pinnu.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn aláìsàn kún orí bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Jùmọ̀kẹ́, ó gbé fóònù ńlá pẹrẹsẹ kan sórí itan, ibẹ̀ ló ń kọ ìdáhùn sí. Bàbá Adémúyìwá fa àga tì í, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Ẹni tó bá dé iwájú wọn, á wo ojú bàbá, á sì dúpẹ́. Alhaja Jàmíátù, arúgbó tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, wí alhamdulillahi sí gbogbo ìbéèrè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá kan Moríyọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀, ó dìde, ó jókòó.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Láti oókan dé aárùn-ún, tí aárùn-ún bá jẹ́ pé ìtọ́jú ibí tẹ́ yín lọ́rùn gan-an, èwo lẹ máa mú?"

"Oókan."

Jùmọ̀kẹ́ gbójú sókè. "Oókan ni pé kò tẹ́ yín lọ́rùn rárá o, mà."

"Mo mọ̀. Mo kàwé. Ẹni tó kọ́ mi ló jókòó tì ọ́ yẹn."

"Moríyọ̀." Bí bàbá ṣe ń pè é ní ìwé kẹfà ni wọ́n pè é. "Ṣé ìlú lo fẹ́ bà jẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ má bínú, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Káàdì yín dà?"

"Káàdì wo?"

"Káàdì ilé ìwòsàn yìí, sà. Tèmi rèé. Ti Alhaja nìyẹn. Kò sẹ́ni tí kò ní lórí bẹ́ǹṣì yìí. Ẹ̀yin náà sì sọ pé ẹ lẹ́jẹ̀ ríru. Níbo ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún yín?"

Bàbá tún fìlà wọn ṣe. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé mọ́tò máa ń wá gbé wọn lọ sí Òṣogbo lóṣooṣù. Ẹnì kankan kò kàn sọ ọ́ rí ni.

"Ṣé èmi lo ń fi ìwọ̀sí lọ̀?" ni bàbá béèrè.

"Mi ò tó bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tí kò bá jókòó ìdánwò kì í kọ ìdáhùn. Ẹ ò gba ìtọ́jú níbí, sà. Ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń gbà á dáhùn."

Moríyọ̀ kọjú sí Jùmọ̀kẹ́. "Kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ti kú. Kò sí agbẹ̀bí. Aago méjì ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ọmọ kì í sì í wo aago kó tó wá sáyé. Nọ́ọ̀sì wa dára, ó dára ju ibi tí ẹ fi í sí lọ, òun nìkan ni, iṣẹ́ sì fẹ́ẹ̀ pa á. Má kọ pé mo dúpẹ́. Tí o bá kọ ọ́, o parọ́ mọ́ mi."

"Ó ku ẹyọ kan, mà. Tí ara ẹni yín kan ò bá yá, ṣé ẹ máa gbé e wá síbí?"

"Ibí náà ni. Ìyàwó ọmọ mi máa bímọ lóṣù méjì sí i, ibí ni mò ń gbé e bọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹni tí kò ní padà wá ló máa ń yìn ín."

Alhaja Jàmíátù wúkọ́.

"Ọmọ mi, pa tèmi rẹ́," ló sọ fún Jùmọ̀kẹ́. "Èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Pa á rẹ́, kí o tún mi bi. Alhamdulillahi tí mò ń wí yẹn, Ọlọ́run ni mò ń wí i fún. Kì í ṣe ilé ìwòsàn."

Ìgbà yẹn ni Moríyọ̀ rí Purity tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ìgbà tí ọmọ náà ti ń gbọ́.

"Purity, jọ̀ọ́, má bínú sí mi," ló wí.

Purity rìn kọjá níwájú bàbá, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn aláìsàn. "Ẹ bi èmi náà," ló wí fún Jùmọ̀kẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, àwọn tó gba ìtọ́jú níbí nìkan ni wọ́n ní ká bi."

"Mo gba ìtọ́jú níbí. Lọ́dún tó kọjá, inú yàrá yẹn ni mo bímọ sí. Ọmọ ò jẹ́ kí n délé."

Jùmọ̀kẹ́ tẹ fóònù. "Kí lorúkọ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí yín?"

"Purity," ló wí. "Kò sí nọ́ọ̀sì mìíràn níbí. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló dì mí lọ́wọ́ mú. Èmi fúnra mi ni mo gé ìwọ́ ọmọ mi."

Gbogbo wọn ló lọ síbi ìkómọ ọmọ Purity lọ́dún tó kọjá yẹn. Moríyọ̀ pàápàá ló rán aṣọ tí wọ́n fi kó ọmọ jáde. Wọ́n jó, wọ́n dúpẹ́, ẹnì kankan kò bi Purity pé ta ló gbẹ̀bí rẹ̀. Ojú ti Moríyọ̀ gan-an. Bàbá Adémúyìwá ṣí fìlà, wọ́n gbé e sórí itan, wọn kò sì wo ẹnikẹ́ni.

Jùmọ̀kẹ́ ń tẹ fóònù, ó ń tún un tẹ̀. "Kò síbi tí mo lè kọ irú ìyẹn sí," ló wí. "Kò sí àyè rẹ̀ nínú ìbéèrè wa."

"Wá àyè fún un," ni Moríyọ̀ wí. "A ò kúrò níbí."