Kẹ̀kẹ́ Oníwo Àgbò àti Ìgò Àdín Ìyá Mi

Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ìyá mi ń ta ìgò àdín kan nígbà tí mò ń wí yìí, kí náírà tó ya wèrè. Ẹni tó bá ná an sí ogójì, Màmá á bi í pé ṣé ìyá rẹ̀ ló bá òun pa ẹkùrọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí àdín nítorí pé òun ni òórùn tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nílẹ̀ Ìbàràpá, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹkùrọ́ tó ń yan nínú ìkòkò ní ìdájí, èéfín dúdú tó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, òórùn bí ẹ̀pà tó jóná díẹ̀ tó sì ń gbéra ga nípa rẹ̀. Ó máa ń wọ aṣọ ilé ìwé wa. Tíṣà ò ní tíì pe orúkọ tí gbogbo kíláàsì á ti mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìyá Aládín ti dé.

Ìbejì ni wá, èmi Kẹ́hìndé àti Táyé tó jẹ́ ọkùnrin. Ní Igbó-Ọrà, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ẹni tó bá bí ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kí pé pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi gba ọ̀rọ̀ ìbejì gbọ́ ju àwa ìbejì fúnra wa lọ. Gbólóhùn rẹ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀: “Ohun tá a bá ṣe fún Táyé, ká ṣe é fún Kẹ́hìndé.” Bí ibà bá mú Táyé, àwa méjèèjì la máa mu àgbo. Nígbà tí mo fi orí gbá igi ìlẹ̀kùn, Bàbá fi òrí pa iwájú orí mi, ó pe Táyé, ó sì fi pa tirẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí Táyé wá jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ, mi ò ní sọ ẹni kejì tó jẹgba fún yín.

Kẹ̀kẹ́ Bàbá kì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ dúdú gàgàrà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko. Ọwọ́ òyìnbó tíṣà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ti rà á, ó sì ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ara rẹ̀ pupa bí osùn, taya rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ẹran, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Ẹni tó bá gùn ún ní láti tẹ̀ kọ́ọ́rọ́. Àwọn ará àdúgbò ní látìgbà tí Bàbá Ìbejì ti ra kẹ̀kẹ́ yìí ló ti ń dọ̀bálẹ̀ kí tọmọdé tàgbà lójú ọ̀nà. Màmá ní tirẹ̀ sọ pé, “Ìwo ló rà. Ó ku kó lọ ra àgbò.”

Àmọ́ kẹ̀kẹ́ náà yára. Lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá á so kẹ́ẹ̀gì àdín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀, ó di Lánlátẹ̀. Àwọn aládín yòókù á ṣì máa dúró de kí ọkọ̀ kún. Kí wọ́n tó dé, Bàbá á ti tà lé ní ìdajì. Orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni oúnjẹ wa ń gbà wọlé, Màmá náà mọ̀, kò kàn ní jẹ́wọ́ ni.

Wàyí o, níbi tí irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, èyí tí ẹsẹ̀ ẹni ń tẹ̀, ti gba àárín kọjá, ihò kan wà níbẹ̀ tó rí bí agolo kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣí lápá méjèèjì. Ife irin méjì ló ń dí ẹnu náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún níbi tí ṣéènì wà, ọ̀kan lápá òsì. Inú wọn làwọn ọmọ bíárìn, irin róbótó kéékèèké, máa ń wà, tí irin ẹsẹ̀ á fi máa yí. Ife kọ̀ọ̀kan ní ìlà tín-ín-rín tó lọ́ yí ara rẹ̀ ká, ihò náà sì ní irú rẹ̀ nínú, kí wọ́n lè di ara wọn mú. Ìlà yẹn làwọn oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tó bàjẹ́ ni mo mọ gbogbo èyí. Ta ló ń wo ìdí ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tó ń ké bí eku. Bàbá ní gírísì ló gbẹ. Ó yá sípánà, ó jókòó sábẹ́ òrùlé, ó tú u. Ife òsì jáde wẹ́rẹ́. Ife ọ̀tún kọ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbá a ní òòlù, títí tó fi jáde, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé apá ibo ló gbà jáde. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó fi gírísì tuntun sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dè é padà. Ó ki ife òsì bọ àyè rẹ̀, ó yí i sápá ọ̀tún, ó wọlé. Ó ki ife ọ̀tún náà bọ àyè rẹ̀, ó tún yí i sápá ọ̀tún. Kò gbà. Bàbá fi páìpù kún ọwọ́ sípánà, ó gun orí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara. Irin náà ké. Mo ṣì ń gbọ́ igbe yẹn nínú eyín mi títí dòní. Nígbà tó yọ ife náà, ìgé irin já bọ́ sílẹ̀ bí èépá.

Màmá jáde láti ìdí iná. Ó wo ihò náà, ó wo Bàbá. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni ó wí, ó sì padà sídìí iná rẹ̀. Lálẹ́, ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀: bí kẹ̀kẹ́ ò bá yí kí ọjà Lánlátẹ̀ tó tún pé, àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù á gbé e, òun á sì máa wọ ọkọ̀ lọ fúnra òun. Bàbá dìde. Ó fi aṣọ àlòkù bo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó ń bo aláìsàn.

Ọkùnrin kan wà ní Èrúwà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Bàbá Sílífá. Bàbá di kẹ̀kẹ́ mọ́ orí ọkọ̀, ó mú ìgò àdín kan láti fi kí i, ó sì mú èmi dání, nítorí pé Táyé ni wọ́n mú lọ sí Ìgàngán lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì yẹ kí Kẹ́hìndé náà rìnrìn àjò.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sílífá wà, òkú kẹ̀kẹ́ yí i ká. Ẹnu ọkùnrin náà kì í sinmi. Ó ní kò sí kẹ̀kẹ́ tó wọ ilẹ̀ Ìbàràpá tí kò tíì sùn lábẹ́ igi òun. Ó tẹjú mọ́ ihò náà, ó yọ ojú kúrò, ó tún tẹjú mọ́ ọn.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni,” Bàbá wí.

“Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀tá yín ò lè ṣe é tó báyìí.”

Ó ní kí Bàbá sọ bó ṣe dè é. Bàbá sọ ọ́, apá ọ̀tún, apá ọ̀tún, títí kan páìpù.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yí méjèèjì sápá kan náà?”

Bàbá wò mí, ó wo àwọn ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìbejì ni wọ́n,” ló wí.

Bàbá Sílífá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi máńgòrò mú. “Bàbá Ìbejì, ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ yìí mọ ìbejì jù yín lọ. Ti apá òsì, ọ̀tún ló ń yí sí. Ti apá ṣéènì yìí, òsì ló ń yí sí. Bí wọ́n bá jọ yí sápá kan náà, ẹni tó ń wà á á kàn máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tú u ni.”

Bàbá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé ó ti kú?”

“Ṣé ẹ rí i kí n wọ aṣọ ọ̀fọ̀?”

Ó fi karosíìnì fọ inú ihò náà, ó ní kí n ti ìka mi bọ̀ ọ́. Lẹ́nu rẹ̀, ó rí gánnagànna bí èèpo ẹyin tó fọ́. Nígbà tí ìka mi wọlé díẹ̀ sí i, mo kan àwọn ìlà tó ṣì yè, tín-ín-rín, tẹ̀léra tẹ̀léra, bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó fọ́ kò tó nǹkan. Èyí tó kù pọ̀.

Kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀. Ó ní Ìbàdàn ló wà, owó rẹ̀ tó owó màlúù, òun ò sì rí kẹ̀kẹ́ tó ń fún ni ní wàrà. Ó da agolo kan dé, ó ṣa ife àlòkù kan jáde, ó fi ti Bàbá wọ̀n ọ́n, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó wá fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin la ara rẹ̀ káàkiri, gọ́gọ́, gọ́gọ́, títí ife náà fi ní àlàfo bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Irin tó yẹ kó máa jókòó jẹ́jẹ́ ló sọ di irin tó ń gé irin.

Lẹ́yìn náà ló de ife òsì mọ́ àyè rẹ̀ dáadáa. Ó ti irin gígùn kan gba àárín rẹ̀ já sápá kejì, ó sì fi ife eléyín náà kọ́ orí irin yẹn, kó má bàa wọ́. “Èyí tó yè ló máa di èyí tó farapa mú,” ni ó wí. Bàbá kàn ń mi orí.

Ó ní gírísì ti ki jù fún iṣẹ́ yìí. Ó wo ìgò tí Bàbá gbé wá kí i, ó fi eyín ṣí i, ó sì kán àdín Màmá sínú ihò. Ó di ife náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sẹ́yìn, sápá ọ̀tún, sí ibi tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò yẹ kó lọ. Mo fẹ́ sọ fún un. Ó gbé ìka sókè sí mi. “Dákẹ́, kó o gbọ́.” Ó pa ojú dé. Ó ń yí i sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ igi yẹn tí ẹyẹ pàápàá dákẹ́, àyàfi tí mo bá ń parọ́. Nígbà tó yá, ohun kan ró nínú irin náà: kọ́. Kékeré báyìí, bí ẹni tó kan ìlẹ̀kùn tó mọ̀ pé wọ́n ń retí òun. Bàbá Sílífá la ojú. Níbi “kọ́” yẹn ni ìlà ife àti ìlà ihò ti bára pàdé, láti ibẹ̀ ló sì ti wá yí i sósì.

Ó wọlé. Ó yí i síwájú díẹ̀, ó yí i sẹ́yìn díẹ̀, ó kán àdín, ó nu èérún irin tó ń tàn bí ìpẹ́ ẹja. Ara irin náà gbóná, òórùn àdín sì gbéra, òórùn ìdí iná ìyá mi gan-an, ní ìlú onílùú, láti inú kẹ̀kẹ́ òyìnbó. Ara mi bù máṣọ. Ẹnu ya Bàbá náà.

Nígbà tó ṣe tán, ó mú ife tí Bàbá fi páìpù fìyà jẹ, ó fi fáìlì kékeré tún ìlà ara rẹ̀ ṣe, ó sì fi ìka méjì péré yí i sósì. Ó wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà rẹ̀. Ó tò bíárìn sáyè wọn, ó de gbogbo rẹ̀, ó ní kí n fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Mo yí i, mo sì fi í sílẹ̀. Ó ń yí. Kò ké, kò mì. Mo ti gbé ọwọ́ mi kúrò tipẹ́, ó ṣì ń yí, bí ohun tó rántí ibi tó ń lọ. Mo ti rí yìnyín já bọ́ lójú sánmà, mo ti rí bàálù kọjá lórí oko, kò sí èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ṣí fìlà.

Mo jókòó sórí irin iwájú kẹ̀kẹ́, láàárín ìwo méjèèjì, a sì gùn ún délé. Màmá gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní, “Irin náà ti ń mu àdín báyìí? Kó máa sanwó.” Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà Lánlátẹ̀ pé, òun fúnra rẹ̀ ló di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tó sì fà á wò pé ó le.

Ìwé wọ Táyé lórí bí òjò ṣe ń wọ iyanrìn. Èmi, orí òkúta ni tèmi bọ́ sí. Nígbà tí mo sọ pé ọjà ni mo fẹ́, mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo sì mọ gbólóhùn tí Bàbá máa sọ. Kò sọ ọ́. Ó wò mí lọ bí ẹni tó tẹ́tí sí nǹkan, ó ní, “Bóyá òsì ni tìrẹ ń yí sí,” ó sì jẹ́ kí n tẹ̀ lé Màmá. Táyé ti di ọ̀gá ilé ìwé lónìí. Èmi ni Ìyá Aládín tuntun.

Ọmọ tó dákẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, mi ò mọ ibi tó gbà lọ. Ẹnu mi kì í sinmi mọ́, ẹ bi àwọn oníbàárà mi. Síbẹ̀, bí mo bá ń bá ènìyàn nájà, mo máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ ná, mo máa ń pa ojú dé nínú ọkàn mi, títí n ó fi gbọ́ “kọ́” nínú rẹ̀. Kò sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, ó ń ra kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ó rí ti Bàbá lórí àjà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ní òun á san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Mo pe Táyé lórí fóònù, ó ní ká tà á, ká pín in. Mo ní kó wá yọ apá òsì tirẹ̀, kó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kò sí títà. Ó bi mí, kí la fi ń pa á tó fi ń yí báyìí. Mo ní àdín ni. Ó ní kí n ta ìgò kan fún òun. Mo wò ó dáadáa, mo fà sẹ́yìn díẹ̀, mo gbọ́ “kọ́”. Kẹ̀kẹ́ Bàbá ti padà sórí àjà. Èrè tí mo jẹ lórí ìgò yẹn jẹ́ ẹgbẹ̀ta náírà.