Ọjọ́ Tí Mo Gbé Baba Katikísì Lọ Bá Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò míṣọ́n ní Ore, Ọ̀gá Rájì tí mo wá gba ipò rẹ̀ ní kí n jókòó, òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ bá mi sọ. Mùsùlùmí ni Ọ̀gá Rájì, ṣùgbọ́n ó ti gbé àwọn Fadá kiri títí tó fi mọ ọjọ́ ààwẹ̀ wa jù mí lọ, èmi tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún láti kékeré. Ó ní, “O rò pé mọ́tò wíwà niṣẹ́ yìí. Dídúró ni. Ẹni tí kò bá lè dúró de èèyàn, kó lọ máa wa tírélà.” Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé kò bá mi ṣeré.

Ìjọ Àgùdà tí mo bá ṣiṣẹ́ ní àwọn ẹ̀ka kéékèèké káàkiri inú oko, Fadá kan ṣoṣo ló sì ń yí gbogbo wọn ká. Abúlé tó bá dé lónìí, ó lè tó oṣù méjì kó tó tún padà síbẹ̀. Katikísì ló ń tọ́jú ìjọ títí tí Fadá á fi dé. Katikísì kì í ṣe Fadá o. Ó láya, ó bímọ, ó ń roko bíi ti gbogbo èèyàn. Òun ló ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, òun ló ń darí àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń sìnkú. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe Mísà, kò sì lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kó dárí ji ẹnikẹ́ni. Fadá nìkan ló láṣẹ ìyẹn.

Nínú gbogbo katikísì tí mo mọ̀, ti Ẹ̀yìn-Odò ni mo fẹ́ràn jù. Abúlé olóko kòkó ni Ẹ̀yìn-Odò, lẹ́yìn Agbabu, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì dáa. Bí Fadá bá ń gbọ́ ìjẹ́wọ́, tí èrò tò lọ bẹẹrẹ, Baba Katikísì á wá jókòó tì mí lábẹ́ igi òro, á sì fi ẹ̀ka èdè wọn pè mí lọ́mọ.

“Ọma mi, o tún ti ń sùn. Ìgbà wo nìwọ máa wọlé lọ jẹ́wọ́?”

“Baba, ẹ̀ṣẹ̀ mi ò pọ̀. Ọ̀nà abúlé yín ló ń mú mi ṣépè.”

“Lọ jẹ́wọ́ èyí náà.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún, orí tiẹ̀ ń funfun, tèmi náà ń pá.

Nígbà tí wọ́n fi tó wa létí pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Ore, gbogbo míṣọ́n kò sinmi mọ́. Wọ́n kun ògiri, wọ́n gé koríko, wọ́n fọ àwọn àga gbọ̀ngàn títí wọ́n fi ń dán. Ìpàdé náà dá lórí ìṣòro Ìjọ àti ti ìlú: àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi oko sílẹ̀, ebi, àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà. Fadá Mátíù, Fadá wa ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sinmi, ló ní kò yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ oko tán láìsí ẹnì kan láti oko níbẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Baba Katikísì ló mú.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo lọ gbé Baba. Ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti lọ̀ ọ́ títí ó fi le gan-an. Ìyá Àgátà, olórí àwọn obìnrin ìjọ náà, ló sìn ín dé ẹnu mọ́tò. Ó ní, “Baba, ẹ má jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín o.” Baba ní kò sẹ́ni tó máa já a gbà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Baba sí. Bíṣọ́ọ̀bù kan sọ̀rọ̀, òmíràn fèsì, ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n pè láti ìlú ńlá sọ tirẹ̀, ó gùn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mò ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n ń sọ, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní jìnnìjìnnì ojú ọ̀nà ti ń ya àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára olùṣọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú, mo ní wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ sí Baba lẹ́nu nìyẹn. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ẹnì kan rántí pé oòrùn ti ń yí, pé ọ̀nà Ore sí Benin kò ṣeé rìn bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi àdúrà parí ìpàdé náà láìtíì pe Baba sọ̀rọ̀. Mọ́tò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Baba ṣì jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Fadá Mátíù lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́. Baba ní, “Ẹ dìde, Fadá. Ẹ̀rù ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.”

A ti kúrò lójú ọ̀dà kó tó la ẹnu. Ó ní, “Ọma mi, dúró díẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́, kó má baà bàjẹ́ sí mi nínú.” Mo pa mọ́tò.

Ó yí ojú sí iwájú, bí ẹni pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù wà nínú oko kòkó tó wà níwájú wa. “Ẹ̀yin Baba wa, mi ò wá tọrọ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, mi ò wá tọrọ páànù. Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, àlejò ni, ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń dáko lé. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ní mi ò láṣẹ, kó dúró de Fadá. Ó ní, ‘Baba, ẹ sáà gbọ́ ọ.’ Mo kọ̀, torí ohun tí ẹ kọ́ mi nìyẹn. Mo bá a ka àdúrà ìrònúpìwàdà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń wò títí tó fi lọ. Ẹ jẹ́ kí Fadá kan máa sùn lọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó sọ ọ́ tán. Ó bi mí bóyá ó gùn jù. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́, dẹ́rẹ́bà nìkan ló gbọ́ ọ, ó sì dùn mí dé egungun.

Mo sọ ọ́ fún Fadá Mátíù bí mo ṣe padà dé. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ó tún kọ òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ò lè máa sùn níbì kan, torí ẹ̀ka tó wà lọ́rùn rẹ̀ pọ̀. Èsì kò tètè dé.

Nígbà òjò, àìsàn kọlu Baba. Ọ̀sán ni wọ́n pe Fadá lórí fóònù, kíá ni a gbéra. Nígbà tí a máa yà kúrò lójú ọ̀dà, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà dá wa dúró. Wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí èèyàn méjì gbé níwájú, àwọn ò lè jẹ́ ká kọjá. Fadá bẹ̀ wọ́n, ó fi òróró àwọn aláìsàn hàn wọ́n nínú àpò rẹ̀. Olórí wọn ní, “Fadá, bí wọ́n bá jí ẹ̀yin náà gbé, ta ni ẹ máa fi òróró yẹn ra?” A yí padà. Ìgbà tí a máa fi débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tẹ́ òkú Baba sílẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí ìwé tó dé láti ọ̀dọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tún ń bọ̀ wá sí Ore. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó kọjá dùn wọ́n, pé katikísì Ẹ̀yìn-Odò ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Fadá kà á tán, ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Baba Dẹ́rẹ́bà, ẹ lọ. Ẹ bá mi mú ẹnikẹ́ni tó bá lè sọ̀rọ̀ wá.”

Mo lọ sí Ẹ̀yìn-Odò. Mo jíṣẹ́ fún àwọn ará ìjọ. Ọkùnrin kan ní Baba ló máa ń gbẹnu sọ fún àwọn. Ìyá Àgátà ló pàpà wé gèlè, ó bọ́ sínú mọ́tò. Ó ní kí n sọ ohun tí Baba fẹ́ sọ fún òun, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ore. Mo rò pé ó ń há a sórí ni.

Nígbà tí wọ́n pè é, ó rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀, wọ́n ní kó dìde.

“Ẹ kú ìpàdé o, ẹ̀yin Baba wa. Ẹni tí ẹ pè ti kú. Nígbà tó ń kú lọ, ó fẹ́ jẹ́wọ́ fún wa. Ohun tó kọ́ wa la sọ fún un. A ní kó dúró dè yín.”

Ó padà sí àyè rẹ̀. Èmi tí mo gbé òkú Baba sínú pósí pẹ̀lú wọn, mi ò gbọ́ ọ rí. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alága wọn, àgbàlagbà bíṣọ́ọ̀bù kan, fi ọwọ́ nu ojú. Kí wọ́n tó tú ká, wọ́n ti yan Fadá tí á máa lọ sùn ní Ẹ̀yìn-Odò lóṣooṣù, èmi ni mo sì ń gbé e lọ títí mo fi fẹ̀yìn tì sí oko mi ní Odigbo.

Lọ́jọ́ yẹn, oòrùn yí, ó wọ̀, kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù kan tó dìde lọ. Gbogbo wọn ló dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí wọ́n dúró gbọ́ ti wà nínú ilẹ̀.