Jangirọ́fà Ojú Ọ̀nà Ìjerò

Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, ó sì dá kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí mo jáde, kùrukùru bo gbogbo òkè tó wà lápá Ẹ̀fọ̀n, n kò rí ju igi mẹ́ta mẹ́rin lọ níwájú mi. Omi ń kán láti ara ewé kòkó. Òtútù náà kì í ṣe èyí tó ń pa èèyàn, àmọ́ ó ń wọ egungun, irú òtútù ìparí òjò. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo wọ aṣọ funfun, ìró àti bùbá, nítorí pé wòlímọ̀ ọmọ ọmọ mi bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ náà ní Aramọkọ, láti ibi iṣẹ́ ni mo sì fẹ́ gbà lọ.

Ibi iṣẹ́ mi nígbà náà ni ọgbà ìṣeré tó wà lójú ọ̀nà Ìjerò, béèyàn bá kúrò ní Aramọkọ díẹ̀. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ báyìí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mọ erin sí ló kù, erin náà kò sì lórí mọ́. Àmọ́ nígbà tó wà, láti Ìpótì dé Ìkòrò, kò sí ọmọ tí kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu pé kó mú òun lọ. Reluwé kékeré kan wà tó ń yí ọgbà po. Ọ̀bọ kan wà nínú àgò, tó máa ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ èèyàn tí á sì kẹ̀yìn sí i. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá dé, ọlọ́kadà á tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ afárá. Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ àwọn àgbẹ̀ tó ṣì ń bọ Ògún, bákan náà ni gbogbo wọn ń pariwo bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra.

Jangirọ́fà ńlá ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá. Òpó irin kan dúró láàárín, ìjókòó méjìlá fi ṣéènì rọ̀ yí i ká, jẹnẹrétọ̀ ló ń yí i. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ọgbà, èmi náà ni mo ń nu ìjókòó. Ìwé kejì ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n wá máa ká kòkó, nítorí náà kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ irin wò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo sanra. Kí a tó ṣí ẹnu ọ̀nà láràárọ̀, mo máa ń jókòó sí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, màá fi gbogbo ara lé e, màá mì í síwá sẹ́yìn. Bó bá gbé mi, á gbé ọmọ. Ìdè kan ti tú lábẹ́ mi rí, a sì pe ajórin kí ọmọ kankan tó gùn ún.

Ọkùnrin tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Á ní, "Màmá, ẹ ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejìlá láàárọ̀ yìí. Ẹ lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì."

Èmi náà á ní, "Ìwọ tó o rí tín-ín-rín bí ẹyọ ọwọ̀, bí o bá jókòó sí i, irin kò tilẹ̀ ní mọ̀."

Bàbá tó ni ọgbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ kí nǹkan máa dán. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á ra ọ̀dà, a ó sì fi kun gbogbo irin, pupa, búlúù, yẹ́lò. A kì í ha ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé irin náà ń dún. Wọ́n ní, "Màmá, ọ̀dà tuntun ló wà lára rẹ̀." Mo ní ó dáa, Bàbá.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, omi dúró sínú gbogbo ìjókòó bí ẹni pé wọ́n pọn ọ́n sí i. Mo wo omi, mo wo aṣọ mi. Àná Jímọ̀ ni, n kì í wá ní Jímọ̀, àmọ́ mo sọ fún ara mi pé mo ti jókòó sí wọn ní Ọjọ́bọ̀, irin kì í bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Mo mú àkísà, mo ń nù wọ́n lọ.

Ọkùnrin jẹnẹrétọ̀ rí mi. "Màmá, ẹ ò gun ẹṣin yín lónìí?"

"O ò rí aṣọ ọrùn mi ni? Wòlímọ̀ ni mò ń lọ."

"Ìyàwó tuntun. Ẹ rọra o, kí àlùfáà má gbé yín lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo nu ìjókòó kẹrin, àkísà pọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi nu osùn. Mo dúró wò ó. Mo ní erùpẹ̀ ni, ṣebí pupa ni ilẹ̀ wa. Mo fún omi rẹ̀ dànù, mo bọ́ sí ìkarùn-ún.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé ni obìnrin kan tó ń ta gààrí ní Ìpótì àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ bí ọdún méje. Ó ti pẹ́ tó ti ṣèlérí fún ọmọ náà. Ọmọ náà yan ìjókòó kẹrin nítorí pé búlúù ni.

Ó bi mí pé, "Màmá àgbà, ṣé kò tutù?"

"Mo ti nù ún gbẹ. Wá."

Èmi ni mo gbé e sí i. Ó fúyẹ́.

Jangirọ́fà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà ń juwọ́ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tó yí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ìró kan, kò pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìjókòó náà já, tòun tọmọ lọ gbá síméńtì tí a fi yí òdòdó ká. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ọmọ náà kò tètè sunkún, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ké. Mo tú ìró mi, mo fà á ya, a fi di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi méjì, tákísí sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Aramọkọ. Yẹ̀rì nìkan ló kù ní ìdí mi. N kò dé wòlímọ̀.

Ọkùnrin jẹnẹrétọ̀ ní, "Màmá, ẹ máa lọ ulé. Ẹ má da ara yín láàmú. Eré tó ń sá ló já a. Ká ní ẹ jókòó sí i láàárọ̀, á gbé yín, ẹ ó sì gbé ọmọ sí i náà ni." Bàbá ní àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sí ẹni tó bá mi wí.

Bí ọgbà ṣe tì nìyẹn. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ báyìí kì í sọ eléyìí. Wọ́n ní ọ̀nà ló bàjẹ́, òótọ́ ni. Wọ́n ní epo jẹnẹrétọ̀ ló wọ́n jù. Wọ́n ní àwọn ajínigbé tó wọ inú igbó ni kò jẹ́ kí ilé ìwé kó ọmọ wá mọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn ti wà ní títì kí àwọn yẹn tó dé. Bàbá ní a ó tún un ṣe, Iléyá á bá a ní ṣíṣí. Iléyá dé, ó lọ. Ọ̀bọ kú. Bàbá náà kú, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó sì ta irin náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gé e. Mo lọ wò ó. Inú irin ti dípẹtà, ó ti di ìyẹ̀fun pupa, ọ̀dà sì wà lórí ara wọn bí èèpo àlùbọ́sà. Láwọn ibòmíì ọ̀dà nípọn ju irin lọ. Ọ̀dà ló ń gbé àwọn ọmọ yẹn.

Mo ń ṣàárò ibẹ̀, n kò ní purọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń béèrè bó ṣe rí, mo máa ń sọ ti reluwé àti ti ọ̀bọ fún wọn. Ọmọ ọjọ́ yẹn ti di obìnrin, ó ń ránṣọ ní Ìjerò. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú, èyí ọ̀tún ló fi ń tẹ máṣíìnì. Bó bá rí mi lọ́jà, á ní òun máa kúnlẹ̀ kí mi, bẹ́ẹ̀ kíkúnlẹ̀ ń ni ín lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ni ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì.

Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ mi. Oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ti gbẹ. Aṣọ oko ni mo wọ̀. Mo jókòó sí ìjókòó kìíní, mo fi gbogbo ara lé e, mo mì í. Ó gbé mi. Ìkejì gbé mi, ìkẹta náà. Mo fo àyè ìkẹrin, ṣéènì rẹ̀ nìkan ló ń mì níbẹ̀. Ìkarùn-ún gbé mi, ìkẹfà gbé mi. Ọkàn mi ti fẹ́ fúyẹ́, mo ní bóyá òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ. Ìkeje, n kò tíì mì í tó fi já lábẹ́ mi, pẹ̀lú ìró kan náà. Mo fi ìdí balẹ̀. Mo wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Irin ì bá ti sọ fún mi. Èmi ni n kò bi í.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ náà wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ìró mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a.

Ó ní, "Màmá, ẹ kú àná. Aṣọ yín rèé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ tán, ẹ má bínú."

Mo ní, "Láràárọ̀ ni mo máa ń jókòó sí ìjókòó yẹn kí ọmọ tó gùn ún. Lánàá, n kò jókòó sí i. Aṣọ yìí ni n kò fẹ́ kó dọ̀tí."

Ó wo aṣọ náà pẹ́. Ó gbé e sórí itan rẹ̀, ó sì sún díẹ̀ kí n lè ráyè lórí bẹ́ǹṣì. N kò jókòó.